Ìwádìí Ọjọ́ Ogbó Tí Ó Wọ Pálọ̀ Wa

Mosúnmọ́lá mi ọ̀wọ́n, Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Orí tábìlì ìjẹun wa ní Festac níbí ni mo ti ń kọ ìwé yìí sí ọ. Àwo ẹ̀pà kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, Dádì rẹ sì ń bu díẹ̀díẹ̀ nínú rẹ̀ bí ẹni pé n kò rí wọn. Ara wa le, ọkàn wa balẹ̀. Láti ọjọ́ Àìkú tí o ti pè pé wọ́n gbà ọ́ síṣẹ́ ní Ìbàdàn, kò sí ẹni tó wọ ilé yìí tí n kò tíì sọ fún, títí kan ẹni tó wá tún ẹ̀rọ omi ṣe.

Nígbà tí o sọ irú iṣẹ́ tó jẹ́, mo kọ́kọ́ rò pé etí mi ni kò gbọ́ dáadáa. O ní ìwádìí ni, lórí ìlera àwọn àgbàlagbà. Pé ẹ fẹ́ mọ ohun tó ń jẹ́ kí ẹnì kan dàgbà kí ara rẹ̀ ṣì le koko, tí ẹlòmíràn á sì máa gbó bí aṣọ tí wọ́n ń fọ̀ lójoojúmọ́. Dádì rẹ béèrè pé, "Ṣé àwọn arúgbó ni wọ́n ní kó máa wò ni?" Mo ní, "Ẹ ò rí i pé ọ̀dọ̀ yín ló yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀."

Mo lè fi ohùn ránṣẹ́ sí ọ lórí fóònù, àmọ́ ohùn a máa kọjá lọ. Ìwé ni mo fẹ́ kọ, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kó gùn, kí o lè máa padà sí i lọ́jọ́ tí iṣẹ́ bá sú ọ. Òótọ́ ni pé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì, n kò kọ́ iṣẹ́ ìlera rárá. Àmọ́ ohun kan wà tí mo mọ̀ tí àwọn ọ̀gá rẹ lè má mọ̀. Ìwọ ni o máa máa wọn àwọn àgbà wò. Èmi ni àgbà tí wọ́n wọ̀n wò. Jọs lo wà nígbà náà tí o ń parí ẹ̀kọ́ rẹ, ìdajì ọ̀rọ̀ la sì sọ fún ọ lórí fóònù nítorí pé a kò fẹ́ kí ọkàn rẹ dàrú. Jẹ́ kí n wá sọ gbogbo rẹ̀ báyìí, kí n sì máa ki ìmọ̀ràn bọ̀ ọ́ láàárín.

O rántí pé ẹ̀gbọ́n mi, Màmá Túnjí, ṣubú nínú ilé ìwẹ̀ ní ilé ọmọ wọn ní Raji Rasaki Estate. A dúpẹ́, egungun kankan kò ṣẹ́. Ohun tó ṣẹ́ ni ọkàn Túnjí. Ọmọ dáadáa ni, kí ẹnikẹ́ni má purọ́ mọ́ ọn. Àmọ́ láti ọjọ́ náà ló ti gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Ó gba ṣíbí ìdáná. Ó ní kí wọ́n má gun àtẹ̀gùn, kí wọ́n má jáde síta láìsí ẹni tó dì wọ́n mú. Mazamaza ni òun alára ti ń ṣiṣẹ́, níbi tó ti ń bójú tó àwọn ọkọ̀ tó ń rin ọ̀nà jíjìn, ìdájí ló sì ń jáde nílé. Ìyàwó rẹ̀ náà á lọ síbi iṣẹ́. Màmá á wá jókòó sínú àga, tẹlifíṣọ̀n á máa bá wọn sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Wọ́n ní ohun tí àgbà bá rí lórí ìjókòó, bí ọmọdé gun orí igi, kò lè rí i. Òótọ́ ni. Àmọ́ ẹni tó pa òwe yẹn kò sọ ohun tí ìjókòó náà ń fi orúnkún àgbà ṣe. Kó tó di pé ọdún yí po, ẹ̀gbọ́n mi kò lè dìde láìjẹ́ pé ẹnì kan fà wọ́n lọ́wọ́.

Bí Túnjí ṣe gbé wọn wá sọ́dọ̀ wa nìyẹn, kí wọ́n lè rí ẹni bá sọ̀rọ̀ lọ́sàn-án. Ó kó àpò wọn wọlé, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi tọ́jú wọn. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n ṣe nǹkan kan o."

Mo ní, "Nǹkan kan rárá?"

"Rárá, mà. Bí ẹyin adìẹ ni kí ẹ gbé wọn."

Ẹ̀gbọ́n mi gbójú sókè láti inú àga tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fi wọ́n sí. Wọ́n ní, "Ẹyin tí adìẹ bá jókòó lé ló ń di òròmọdìẹ. Èmi fúnra mi ni mo jókòó yìí. Kí lo rò pé mo fẹ́ pa?"

A rẹ́rìn-ín. Àmọ́ nígbà tí Túnjí lọ tán, wọ́n sọ ọ̀rọ̀ kan fún mi tí kò jẹ́ kí n rẹ́rìn-ín mọ́. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, bí wọ́n bá ti ní ká kúnlẹ̀, wọn kì í lè kúnlẹ̀. Wọ́n á kàn gbórí lé ẹ̀yìn bẹ́ǹṣì tó wà níwájú wọn. Wọ́n ní, "Àbúrò mi, láti kékeré ni mo ti ń kúnlẹ̀. Ní báyìí, ó dà bí ẹni pé ojú fèrèsé ni mo ti ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀, tí wọn ò jẹ́ kí n wọlé."

Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni wọ́n kéde ní ṣọ́ọ̀ṣì wa pé àwọn olùwádìí kan ń bọ̀ láti ilé ìwòsàn ńlá kan, pé wọ́n ń wá àwọn tó ti lé ní àádọ́rin ọdún ní Festac àti gbogbo Amuwo-Odofin. Dókítà Yéwándé ni olórí wọn, obìnrin tó ṣeé ṣe kó fi díẹ̀ jù ọ́ lọ, tó máa ń wọ bàtà pẹlẹbẹ, tó sì máa ń kí gbogbo ènìyàn lọ́kọ̀ọ̀kan kó tó ṣí ẹ̀rọ kankan. Ó dúró nínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní, "Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, a ò wá sọ yín di ọ̀dọ́. A fẹ́ mọ̀ bóyá irú eré ìdárayá kan lè jẹ́ kí àgbà máa wẹ̀ fúnra rẹ̀, kó máa dáná fúnra rẹ̀, kó sì má máa ṣubú."

Bàbá kan pariwo láti ẹ̀yìn pé, "Ṣé ẹ̀jẹ̀ wa lẹ fẹ́ tà ni?"

Gbogbo gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín. Dókítà kò rẹ́rìn-ín. Ó rìn lọ bá bàbá náà, ó gbé ìgò kékeré tí wọ́n ń gba ẹ̀jẹ̀ sí lé e lọ́wọ́, ó ṣàlàyé ohun tí wọ́n fẹ́ wò nínú ẹ̀jẹ̀ náà àti ibi tí ìyókù rẹ̀ máa gbà. Ó ní bí bàbá bá fẹ́ ṣe gbogbo ìyókù láìfún wọn ní ẹ̀jẹ̀, wọn ò ní bínú. Bàbá yẹn ló kọ́kọ́ na apá.

Ìmọ̀ràn mi kìíní nìyẹn, Àbẹ̀kẹ́. Bí àgbà bá bi ọ́ ní ìbéèrè tó dà bíi ti òmùgọ̀, má wo ìbéèrè náà, wo ẹ̀rù tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀rù ni kí o dá lóhùn.

Ó wá kan pípín. Dókítà ṣàlàyé pé ṣe ni àwọn máa ṣẹ́ kèké fún wa. Àwọn kan á máa ṣe eré ìdárayá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Àwọn yòókù á máa wá gbọ́ àlàyé nípa oúnjẹ, iyọ̀, oorun àti bí a ṣe ń lo oògùn. Bí ìwádìí bá parí, wọ́n á wá kọ́ àwọn tó gbọ́ àlàyé náà ní eré ìdárayá yẹn. Wọ́n fún wa ní àpò ìwé tí wọ́n ti lẹ̀ pa. Mo ṣí tèmi, ìwé aláwọ̀ ewé ló wà níbẹ̀: eré ìdárayá. Ẹ̀gbọ́n mi ṣí tiwọn, aláwọ̀ ìyeyè: àlàyé.

Wọ́n wo ìwé wọn, wọ́n wo tèmi. Wọ́n ní, "Nínú èmi tí n kò lè dìde, àti ìwọ tó o ṣì ń lé ewúrẹ́ onílé kejì, ta ló yẹ kí wọ́n kọ́ ní eré?"

Mo lọ bá Dókítà, mo ní kó jẹ́ ká pààrọ̀. Ó fà mí jókòó. Ó ní, "Màmá, mo mọ̀ pé ó dùn yín. Àmọ́ bí mo bá jẹ́ kí ẹ pààrọ̀, ẹlòmíràn náà á fẹ́ pààrọ̀. Tí gbogbo àwọn tí eré náà wù bá wá bọ́ sí apá kan, a ò ní mọ̀ bóyá eré náà ló ṣiṣẹ́ ni, àbí ìfẹ́ tí wọ́n fi wá. Ó tún lè jẹ́ pé ẹ̀rín tí ẹ jọ ń rín nínú gbọ̀ngàn yìí ló ń mú ara yá, kì í ṣe eré. Ìdí nìyẹn tí a fi ń pe àwọn kejì náà jọ."

Ó yé mi. Mo sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi bó ṣe yé mi. Wọ́n mirí sí i dáadáa. Mo rò pé ọ̀rọ̀ tán. Bí àgbà bá ń mirí sí ọ̀rọ̀ rẹ níbi iṣẹ́ rẹ, ọmọ mi, má tíì rò pé ó ti gbà. Ó lè jẹ́ pé ó kàn mọ ìwà hù ni.

Eré náà bẹ̀rẹ̀. Kò ju kí a jókòó, kí a dìde láìfi ọwọ́ ti nǹkan. Kí a di ẹ̀yìn àga mú, kí a fi ẹsẹ̀ kan dúró. Kí a máa gbé ìgò omi sókè sódò. Kí a rìn bí ẹni tó ń tọ okùn. Ó dà bí eré ọmọdé títí o fi máa ṣe é! Ọjọ́ kìíní, mo délé, itan mi ń gbọ̀n, Dádì rẹ ní ṣé ìjà ni mo lọ jà. Wọ́n ní kí a máa ṣe é nílé pẹ̀lú, nítorí náà, lójoojúmọ́ ni mo ń ṣe é ní pálọ̀, ẹ̀gbọ́n mi á sì jókòó sínú àga wọn, wọ́n á máa wò mí. Wọ́n pa tẹlifíṣọ̀n. Wọ́n ní tèmi dùn ún wò jù ú lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi náà ń lọ gbọ́ àlàyé wọn. Kẹ̀kẹ́ Márúwá ló ń gbé wọn lọ, tó ń gbé wọn bọ̀, wọ́n á sì wá máa yọ wá lẹ́nu lórí iyọ̀. Dádì rẹ ò lè bu Magí sí ọbẹ̀ mọ́ kí wọ́n má gbọ́ ìwàásù.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo lọ ra búrẹ́dì. Mo gbàgbé àpò owó mi, mo sì yára padà. Bí mo ti ṣí ilẹ̀kùn ìdáná, ẹ̀gbọ́n mi ni mo rí. Wọ́n gbé àga kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ sínkì. Wọ́n jókòó. Wọ́n dìde. Wọ́n tún jókòó. Ètè wọn ń lọ bí ẹni tó ń kà.

Mo pariwo, "Ẹ̀gbọ́n mi!"

Wọ́n ní, "Ti ilẹ̀kùn. O fẹ́ kí gbogbo àdúgbò gbọ́ ni?"

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà tí mo ti ń wò ẹ́. Ìgbà tó o bá wọ ilé ìwẹ̀ tàbí tó o bá jáde ni mo ń ṣe tèmi."

"Ẹni tó ti ṣubú rí! Ta ló ń dì yín mú?"

Wọ́n fi ọwọ́ gbá sínkì. "Èyí. Kì í sọ pé kí n má ṣe nǹkan kan."

Mosúnmọ́lá, inú mi dùn, ẹ̀rù bà mí, ẹ̀rín sì ń pa mí, gbogbo rẹ̀ pa pọ̀. Ẹni tí a ń fà lọ́wọ́ kó tó kúrò lórí àga ni mo rí tó dá dìde yìí! Àmọ́ bí mo ti jókòó, ọ̀rọ̀ mìíràn wọ inú mi. Ọjọ́ tí àwọn olùwádìí máa tún wọ̀n wá ti súnmọ́. Wọ́n á wọn ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n á rí i pé ẹsẹ̀ wọn ti le, wọ́n á sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé àlàyé nípa iyọ̀ ló mú ẹsẹ̀ le.

Mo ní, "A gbọ́dọ̀ sọ fún Dókítà."

Wọ́n ní, "Kí la fẹ́ sọ? Ṣé irọ́ ni pé ara mi yá ni? Bí wọ́n bá yọ mí dànù ńkọ́?"

"Wọ́n á rò pé àlàyé ló ṣe é."

"Kí wọ́n máa rò ó. Èwo ló kàn mí?"

Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tó kàn. Ìyá kan wà níbì kan tí ọmọ rẹ̀ ti gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí àwọn ènìyàn wọ̀nyí bá lọ kọ ọ́ pé kò sí ìyàtọ̀ láàárín ẹni tó ṣe eré àti ẹni tó jókòó, ta ló máa sọ fún ọmọ ìyá yẹn pé kó jẹ́ kó dìde?"

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi aṣọ nu sínkì tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n ní, "Èmi fúnra mi ni mo máa sọ ọ́. Má bá mi sọ ọ́."

Èyí ni mo fẹ́ kí o dì mú jù nínú gbogbo ìwé yìí. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ á bá a. Àmọ́ nínú iṣẹ́ tìrẹ, kí òótọ́ tó bá a, irọ́ náà á ti wọ ilé àwọn tí o kò mọ̀, á ti so wọ́n mọ́ àga. Bí iye kan kò bá ṣe déédéé, má tún un ṣe kó lè dùn ún wò. Lọ béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìdáná.

Ká tó lọ sọ́dọ̀ Dókítà, Túnjí dé láìrò tẹ́lẹ̀. Ó bá ìyá rẹ̀ lórí ìdúró, níwájú sítóòfù, tí wọ́n ń yí dòdò. Ó kígbe, "Àǹtí! Ṣé bí a ṣe jọ sọ ọ́ nìyí?" Ó ní òun ń gbé wọn lọ sílé lójú ẹsẹ̀.

Ìyá rẹ̀ pa iná. Wọ́n ní, "Túnjí, jókòó."

Ó jókòó.

"Dìde."

Ó fi ọwọ́ méjèèjì ti orúnkún, ó ní "yéè," ó dìde.

"O gbọ́ ohun tó o sọ? Ọmọ ogójì ọdún lé díẹ̀. Wá wo ìyá rẹ." Wọ́n jókòó, wọ́n ká apá mọ́ àyà, wọ́n sì dìde wẹ́rẹ́, wọ́n padà sídìí dòdò wọn.

Má rò pé ibẹ̀ ni Túnjí ti gbà o. Omi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní, "Màámi, èmi ni mo gbé yín kúrò nílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ẹ ò mọ ohun tí mo rò pé mo gbé." Ohùn ìyá rẹ̀ rọ̀. Wọ́n ní, "Mo mọ̀, ọmọ mi. Àmọ́ o ti gbé mi ná. Gbé mi kalẹ̀ báyìí." Níkẹyìn, ó ní òun máa bá wa lọ sọ́dọ̀ Dókítà, kí òun fi etí òun gbọ́ ọ.

Àwa mẹ́ta la jọ lọ. Wọ́n ní kí ẹ̀gbọ́n mi fún irin kan mọ́wọ́, wọ́n ní kí wọ́n rìn, wọ́n ní kí wọ́n jókòó kí wọ́n dìde. Mo rí bí ojú nọ́ọ̀sì tó di aago mú ṣe yí padà. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Má tíì kọ ọ́. Bá mi pe Dókítà." Nígbà tí Dókítà dé, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ìwé ìyeyè lo fún mi, àmọ́ aláwọ̀ ewé ni mo ṣe. Ní ìdáná ni. Àbúrò mi ò mọ̀ títí ó fi ká mi mọ́ ibẹ̀."

Dókítà wò wọ́n lọ títí. Ló bá bú sẹ́rìn-ín, ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nu ojú rẹ̀ nù. Ó wá fa àga sún mọ́ wọn. Ó ní, "Ẹ ṣé tí ẹ sọ fún mi. Mi ò ní yọ yín. Inú àwọn oníwèé ìyeyè náà la ṣì máa kà yín mọ́, a ó sì kọ ohun tí ẹ ṣe sílẹ̀ bó ṣe rí. Ohun tó ń dùn mí ni sínkì yẹn. Ẹni tó ti ṣubú rí kò gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láìsí ẹnì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀."

Túnjí ní, "Ẹ gbọ́, Màámi?"

Dókítà yíjú sí i, ó ní, "Ẹ̀yin náà, Bọ̀dá. Ẹni tí kò bá dìde rárá, ìgbà tó bá fẹ́ dìde ló máa ṣubú. Ẹ má gba ìgbálẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi irin ìdìmú sí ilé ìwẹ̀."

Túnjí ní ṣé pé eré náà ṣiṣẹ́ nìyẹn? Dókítà ní òun kò lè sọ bẹ́ẹ̀. Ara ẹnì kan kò tó dáhùn. Ó lè jẹ́ eré. Ó lè jẹ́ pé Màmá kúrò lórí àga. Ó lè jẹ́ pé wọ́n rí àbúrò wọn bá ṣeré. Àfi kí àwọn ka gbogbo ènìyàn pọ̀. Mo fẹ́ràn èyí lára rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ kò yá láti gba ògo.

Ó wá béèrè ohun kan tí kò sí nínú gbogbo ìbéèrè tí wọ́n ti bi wá látìbẹ̀rẹ̀. Ó ní, "Màmá, kí gan-an lẹ fẹ́ fi ẹsẹ̀ yín ṣe?"

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Mo fẹ́ kúnlẹ̀."

Dókítà ní, "Mo sọ fún yín ìdí tí a fi ń ṣẹ́ kèké. Mi ò béèrè ohun tí ẹ ń wá. Ẹ má bínú, mà." Ó kúnlẹ̀ sí iwájú wọn lórí sìmẹ́ǹtì níbẹ̀. Túnjí wo ojú ibòmíràn.

Ọmọ mi, máa béèrè. Kó o tó wọn ẹsẹ̀ àgbà, béèrè ibi tó fẹ́ kí ẹsẹ̀ náà gbé òun dé. Ẹlòmíràn fẹ́ gun àtẹ̀gùn ilé ọmọ rẹ̀. Ẹlòmíràn fẹ́ gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀ pọ̀n. Ẹlòmíràn kàn fẹ́ dá lọ sí ilé ìgbẹ́ ni, kí ojú má tì í.

Nígbà tí ìwádìí parí, wọ́n kọ́ àwọn oníwèé ìyeyè ní eré náà lóòótọ́, nọ́ọ̀sì kan sì kọ́ ẹ̀gbọ́n mi bí wọ́n ṣe ń fi orúnkún kan kalẹ̀ kí èkejì tó tẹ̀ lé e. Ọjọ́ Àìkú kan, àlùfáà ní ká kúnlẹ̀. Mo gbọ́ tí bẹ́ǹṣì dún lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì débẹ̀. Túnjí wà ní apá kejì, ó ti fẹ́ na ọwọ́, mo wò ó, ó ká ọwọ́ kò. Àdúrà tán, gbogbo ènìyàn ti jókòó, ẹ̀gbọ́n mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbé orúnkún kejì nílẹ̀. Àlùfáà rí i, ó dúró dè wọ́n. Nígbà tí wọ́n dìde tán, wọ́n tún ìró wọn so, wọ́n ní, "Ẹ lè máa bá a lọ." Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì bú sẹ́rìn-ín.

Mo ti ṣì í kà, n kò mọ iye ìmọ̀ràn tí mo ti fún ọ. Jẹ́ kí n da ìyókù pọ̀.

Má pariwo mọ́ àgbà. Ọmọkùnrin kan wà láàárín wọn tó ń pariwo mọ́ wa bí ẹni tó wà lókè odò. Adití kọ́ ni gbogbo wa. Bí o bá fẹ́ béèrè nípa ìtọ̀ tàbí nípa oorun, mú ẹni náà lọ sí kọ̀rọ̀, torí ní gbangba, gbogbo wa là ń sùn dáadáa. Má pe ẹnikẹ́ni ní nọ́ńbà. Bí èsì bá sì jáde, gbé e padà wá fún àwọn tó fún ọ ní ẹ̀jẹ̀ wọn, kí o sọ ọ́ ní èdè tó máa yé wọn, ì báà tilẹ̀ jẹ́ pé ohun tí ẹ rò kọ́ ni ẹ rí. Tiwa kò tíì jáde. À ń retí rẹ̀ bí ẹni ń retí èsì ìdánwò.

Àwọn ènìyàn á gbọ́ irú iṣẹ́ tó ò ń ṣe, wọ́n á ní kó o fún àwọn ní oògùn ẹ̀mí gígùn. Ẹni àkọ́kọ́ wà nílé yìí. Dádì rẹ ra ìgò kan lọ́wọ́ ẹnì kan tó ń kiri, wọ́n ní ó ń sọ àgbà di ọ̀dọ́. Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi wà nílé ìgbẹ́. Sọ òótọ́ fún irú wọn, àmọ́ má fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Kò sí ẹni tí kò wù kó pẹ́.

Nígbà tí mo wà ní ọjọ́ orí rẹ, mo rò pé ọjọ́ ogbó jẹ́ ìlú kan tí àwọn kan ti ń gbé láti ilẹ̀, tí èmi kò ní gba ibẹ̀ kọjá. Mo ti débẹ̀ báyìí. Ìlú dáadáa ni, ọ̀nà rẹ̀ ló ní kòtò díẹ̀. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ẹ bá wa dí kòtò ọ̀nà, àwa á máa sọ ibi tí kòtò wà fún yín. Ìwọ náà sì gbọ́dọ̀ máa sùn. Ẹni tó ń wádìí ẹ̀mí gígùn kò gbọ́dọ̀ máa fi bisikíìtì ṣe oúnjẹ alẹ́.

Jẹ́ kí n fi ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá parí rẹ̀. Dókítà Yéwándé pe ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí mìíràn ní Abúlé Adó, ó sì ń wá ẹni tó máa bá àwọn àgbà ibẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí ìdí tí wọ́n fi ń ṣẹ́ kèké. Túnjí fúnra rẹ̀ ló fi ọkọ̀ gbé wa lọ. Àwọn ènìyàn pọ̀ níbẹ̀, àwọn awakọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì, àwọn ìyá tó ti tajà títí ẹ̀yìn wọn fi tẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi dìde, wọn ò di nǹkan kan mú. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin tí ìwé ìyeyè bá kàn, ẹ má bínú, ẹ má sì rò pé wọ́n fojú di yín. Ẹ dúró de ìgbà tiyín. Ẹ̀yin tí ẹ dúró ni wọ́n fi máa mọ̀ bóyá eré náà ń ran ènìyàn lọ́wọ́ lóòótọ́. Láìsí yín, àbá lásán ni."

Ìyá kan tó jókòó níwájú wo ẹsẹ̀ wọn, ó wo ojú wọn. Ó ní, "Màmá, ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé ẹ dúró?"

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Rárá o. Ìdí tí wọ́n fi ní kí n wá bẹ̀ yín nìyẹn."

Máa lọ, Àbẹ̀kẹ́ mi. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí o pẹ́, kí ara rẹ sì le láti gbádùn rẹ̀.

Èmi ni ìyá rẹ tó fẹ́ràn rẹ,
Màmá Mosún